Inú Ọkọ̀ Òfúrufú Yín Ti Dán

Ẹ̀gbọ́n mi Valentin,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín Victoire, mo kí àwọn ọmọ tí wọn ò mọ ojú wa. Ìyá ń jẹun díẹ̀díẹ̀ níbí ní Issaba. Sylvain àbúrò wa ti ríṣẹ́ sí Onigbolo. Àgbàdo kò ṣe dáadáa.

Ẹ bèèrè nípa ọkọ̀ òfúrufú tí ẹ fi àtè àti aṣọ tí wọ́n fi òwú dígí hun mọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ẹ tó lọ sí Faransé. Gbogbo ohun tí ẹ ní kí Bàbá ṣe ló ṣe. Ó fi bébà oníyanrìn ha inú rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀, kí òwú dígí má baà gún ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Ẹ ní kí eruku ọyẹ́ má kan ọ̀dà kó tó gbẹ. Bàbá wọ inú rẹ̀, ó fa ìdérí dé orí ara rẹ̀, ó ń kùn ún nínú òórùn ọ̀dà. Ẹ rántí eruku, ẹ ò rántí àyà èèyàn. Ó wúkọ́ títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀, òun náà sì tẹ̀ lé e. A pè yín, ẹ ò gbé e.

Ẹ má dààmú nípa pósí. A gé ìyẹ́ àti ìrù ọkọ̀ yín kó lè wọ sàréè, a sì tẹ́ Bàbá sínú rẹ̀. Kò sí ibi tó gún un.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ràn sí yín lẹ́nu bíi ti Bàbá. Ọ̀dà ṣẹ́kù nínú agolo. Bàbá ní kí a má ṣí i kí ẹ tó dé, kí eruku má baà kó sí i.

Èmi àbúrò yín, Espérance