Rìbá Ò Sí Lọ́wọ́ Bọ̀dá

                                        Ṣọ́ọ̀bù Jọláyẹmí Télọ̀,
                                        Kofar Marke,
                                        Sókótó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹrin, 2026.

Ọmọ́táyọ̀ mi, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún ti jẹ́ kó gbádùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá adìyẹ àwọn aládùúgbò jà? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, mo wà láàyè, bí a bá lè pe ohun tí ooru Sókótó ń fi ojú wa rí ní ààyè. Ní ọ̀sán, bí mo bá gbàgbé láti ki iná bọ áyọ́ọ̀nù, aṣọ ṣì ń nà. Àmọ́ ara le, iṣẹ́ ń lọ. Aṣọ Ìtúnu tí mo rán lọ́dún yìí pọ̀ débi pé ìka mi kò fẹ́ rí abẹ́rẹ́ mọ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹkún yẹn pọ̀ jù, ọ̀rẹ́ mi. Wọn ò mú Bọ̀dá Adérógbà o. Kò sí ọlọ́pàá tó fọwọ́ kàn wọ́n, wọn ò sun àtìmọ́lé, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbé ìròyìn yẹn dé Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù. Mi ò lè fi fóònù dá ọ lóhùn, nítorí inú ilé mi ni Bọ̀dá ń gbé, láti ìgbà tí ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì ni etí wọn ti mú bí abẹ. Mo bá ní kí n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Kúnmi, àgùnbánirọ̀ tó wà ní ìjọ wa, ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí, òun ni yóò mú un wá fún ọ.

O mọ̀ pé lẹ́yìn ikú ìyàwó wọn ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má dá gbé mọ́, kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n kó àpótí kan dání, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì ilé-iṣẹ́ omi àti ìtàn tí gbogbo wa ti mọ̀ sórí: pé títí àwọn fi ṣiṣẹ́ ìjọba tán, àwọn ò gba rìbá, àwọn ò sì san rìbá. Bí o bá bu omi fún wọn mu, ìtàn yẹn ni wọn óò fi dúpẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni wọ́n rí ilé okòwò kan lórí fóònù. Ilé okòwò náà ní kí èèyàn fi náírà ra kóìnì, owó tí a kì í rí àfi lórí fóònù, kó sì yá àwọn ní kóìnì náà, pé àwọn óò máa fi èlé kún un lójoojúmọ́. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí lẹ́tà mi má baà máa rùn. Bọ̀dá da owó ìfẹ̀yìntì sí i. Lóòótọ́, owó ń pọ̀ sí i lójú fóònù. Láràárọ̀ ni wọn óò gbé fóònù súnmọ́ imú, wọn óò ka iye tó wà níbẹ̀ sókè kí gbogbo ilé gbọ́, kí a tó gbàdúrà. Wọ́n dìde nínú ìjọ, wọ́n ní àwọn óò ra fáànù kárí ilé Ọlọ́run. Àwọn ọ̀dọ́ bá sọ wọ́n ní Bàbá Kóìnì, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn ju Díákónì tí ìjọ fi wọ́n jẹ lọ. O rántí pé àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bọ̀dá ní àwọn ti dé Sókótó, àwọn sì ti rí i, ó ṣe tán inú àpò ṣòkòtò àwọn ni fóònù wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé àwọn ń tún ilé ṣe. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ilé tí wọ́n ń tún ṣe ti wó. Àwọn tó ni ín ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí orílẹ̀-èdè tí ahọ́n mi ò lè pè. Gbogbo ẹni tó fowó síbẹ̀ ń ké, àfi Bọ̀dá. Wọ́n ní ìjì lásán ni, yóò rọlẹ̀. Èmi ni mo sunkún, Ọmọ́táyọ̀. Balùwẹ̀ ni mo wọ̀ lọ sunkún kí wọ́n má baà gbọ́.

Ibẹ̀ la wà tí rédíò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kéde òfin owó-orí tuntun. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fi kóìnì ṣòwò lọ́dún tó kọjá wá sọ bó ṣe rí kí oṣù Kẹta tó parí. Bí èrè bá wà, ìjọba óò gba tirẹ̀. Bí kò bá sí, kí onítọ̀hún sọ pé kò sí, kó máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn nìyẹn fún ẹni tí wọ́n ti jà lólè. Ni Bọ̀dá bá ní àwọn óò sọ pé èrè wà, àwọn óò sì san owó-orí rẹ̀ pé pérépéré.

Mo rò pé ooru ni. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n kọ́gbọ́n. Wọ́n ní bí ìjọba bá ti gba owó-orí lórí owó kan, ìjọba ti jẹ́rìí pé owó náà wà nìyẹn, dandan sì ni kó bá àwọn wá olè tó gbé e. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìjọba wo? Ṣé èyí tí kò tíì rí iná ìlú tó sọnù lọ́wọ́ ara rẹ̀?

Ẹ̀rín kọ́ ló kàn mí nígbà náà o. Owó tí wọ́n fẹ́ fi san án, òun nìkan ló ṣẹ́kù: owó tí èmi àti àwọn ọmọ wọn dá jọ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ tá ògiri lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ojú gidi ni wọ́n fẹ́ fi san owó-orí èrè tí kò sí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀, mo pariwo, wọ́n ní ṣé èmi ni ẹ̀gbọ́n ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọn ò lè fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn pàdánù. Ojú ń tì wọ́n. Wọ́n lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì, àfi ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Kẹta la wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì owó-orí. Bọ̀dá wọ aṣọ funfun, wọ́n dé fìlà funfun, wọ́n gbá báàgì owó mọ́ abíyá. Obìnrin tó dá wa lóhùn ń jẹ́ Malama Nabilah, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí n lọ ṣe fọ́tókọ́pì káàdì ìdánimọ̀ wọn lẹ́nu géètì. Bí mo ṣe fi Bọ̀dá sílẹ̀ láìsí ògbufọ̀ nìyẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ ló wá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Gbólóhùn Hausa tí Bọ̀dá gbọ́ kò kún ọwọ́ kan, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa fi í ṣe fáàrí. "Sannu da aiki!", ìyẹn "ẹ kú iṣẹ́", ni wọ́n fi kí ọmọ náà, bí ẹni tí wọ́n bí sí ìdí ààfin. Ọmọ náà rí fìlà funfun, ó gbọ́ kíkí tó já gaara, ló bá tú Hausa lé wọn lórí. Bọ̀dá ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n kàn ń mi orí, wọ́n ń dáhùn pé "To, to," bí àwọn ará ibí ṣe máa ń gba ọ̀rọ̀ wọlé. Nígbà tó sọ tán, ó bi wọ́n pé: "To, Baba, akwai riba?"

Ìwọ tí o ò gbé ìhà ibí rí, jẹ́ kí n là á fún ọ. Lẹ́nu àwọn Hausa, riba ni èrè. "Bàbá, ṣé èrè wà?" ni ọmọ ọlọ́mọ bèèrè. Ṣùgbọ́n etí Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bọ̀dá fi gbọ́ ọ.

"Rìbá kẹ̀?" ni wọ́n wí.

Malama Nabilah rò pé etí wọn ò gbọ́ dáadáa. Ó fi àtàǹpàkò ra ìka bí ẹni tó ń ka owó: "Riba, Baba. Riba!"

Ẹnu géètì ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. "Èmi! Èmi Adérógbà! N ò gba rìbá rí láyé mi, n ò san rìbá rí, ìgbà tí mo darúgbó ni n ó wá bẹ̀rẹ̀? Ní ọ̀sán gangan, níwájú èèyàn! Rìbá ò sí! No riba! Babu riba!" Babu, ìyẹn "kò sí", wà lára Hausa díẹ̀ tí wọ́n mọ̀, wọn ò sì lò ó dáadáa tó báyẹn rí.

Àwọn tó ń dúró mi orí, wọ́n ń wí pé "Allah Sarki," bí ẹni tó ń sọ pé "ó mà ṣe o." Lójú tiwọn, bàbá arúgbó kan ló ń dárò èrè tó bá omi lọ. Malama Nabilah náà káàánú wọn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: "Asara ke nan, Baba?" Asara lédè wọn ni àdánù. Ìgbà náà ni mo sáré wọlé, ni Bọ̀dá bá yíjú sí mi:

"Jọláyẹmí, wá gbọ́! Kò rí rìbá gbà, ó ní kí n fún òun ní aṣáárà! Ọmọ kékeré yìí, ó ń fa aáṣáà símú!"

Ọmọ́táyọ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Malama Nabilah rò pé ẹkún lèmi náà ń sun, ó ní kí wọ́n bá mi ra omi tútù wá.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá, pé riba èrè ni ọmọ náà ń bèèrè, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo rò pé wọn óò bá mi rẹ́rìn-ín. Ojú wọn ló tàn. "Èrè? Kín ló dé tí kò tètè wí? Sọ fún un pé ó wà! Ó wà rẹpẹtẹ!" Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn báàgì. Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu mi. Mo wá ọ̀nà tí n óò gbé e gbà, mi ò rí. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mo bá sọ ọ́ fún Nabilah bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Nabilah wo báàgì, ó wo ẹyinjú funfun yẹn. Ó ní Bàbá ti sọ lójú gbogbo ayé pé kò sí, wọ́n tún ní ó wà. Ó ní kò burú, kí wọ́n fi han òun lórí fóònù wọn, kódà kó jẹ́ náírà kan tó lè jáde. Bọ̀dá fa fóònù yọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e dé imú, wọ́n tún un tẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó nà án sí mi.

"Kín ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn náà mọ̀ ọ́n. Mo kà á fún wọn jẹ́jẹ́: "Bọ̀dá, wọ́n ní ibi tí ẹ ń wá yìí kò sí mọ́."

Lẹ́yìn náà Nabilah tún un bèèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí ọmọ ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Asara ce, Baba?" Mo la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, Bọ̀dá gbọ́wọ́ sókè.

"Mo ti gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. Wọ́n so okùn báàgì padà, wọ́n kọjú sí ọmọ náà. "Asara."

Títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, wọn ò tíì sọ ọ́ ní Yorùbá. Èdè tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fi lè sọ ọ́, ó sì tó. Nabilah kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kò sí owó-orí tí wọn óò san, ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi oore rọ́pò. Bọ̀dá ṣe àmín. Nígbà tí a dé inú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sunkún, èmi náà sì bá wọn sun ún, oníkẹ̀kẹ́ kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ṣeni láàánú, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ará ìjọ wa kan tó wà níbẹ̀ tó gbọ́ "rìbá" tó sì sá jáde ló pe ilé, mo mọ̀ ọ́n, n óò bá a ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Fáànù ìjọ ńkọ́? Ìwé orin la ṣì fi ń fẹ́ ara wa. Ní ọjọ́ kejì tí nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì, Bọ̀dá wo ògiri, wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wá wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́.

"Jọláyẹmí, ìgbà wo lo hu ewú báyìí?"

Mo ní láti ọjọ́ tí ẹ ra kóìnì ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan iwájú orí mi níbi tí ewú náà wà, wọ́n ní kí n má bínú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ "má bínú" lẹ́nu Bọ̀dá rí.

Bí o bá pè wọ́n, jọ̀wọ́ má dárúkọ kóìnì, má sì káàánú wọn, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí Ìyá, kí o sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn yẹn pé irọ́ ni. Fún Kúnmi lóúnjẹ kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀nà jìn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ eléwú tuntun,

Jọláyẹmí