Commit Tó Wà Lórí Láptọ́ọ̀pù Mi Nìkan

Èmi ni mo da iṣẹ́ rú ní ọ́fíìsì wa, ẹlòmíràn ni wọ́n ń bú, inú mi sì ń dùn sí i. Mo ti sọ ọ́. Ẹ má tíì bú mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́...

Ìtòsí Interchange ní Ṣàgámù ni a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba orúkọ èrò ní garaji. Bọ̀dá Délé, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an nìyẹn, ni senior mi. "Madam Ìrólú" ló máa ń pè mí torí ìlú kékeré yẹn ni wọ́n bí mi sí. Tí mo bá béèrè nǹkan, á ní ṣé orí ọ̀kadà ni mo ti gba degree ni, gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò ní béèrè nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú... ṣé ó yé yín?

Repo la máa ń pe àpótí tí iṣẹ́ wa wà. Òmíràn tún wà nínú ẹ̀, Bọ̀dá Délé ló ń mójú tó ti inú yẹn. Tí èèyàn bá tún un ṣe, ti inú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ push, ìyẹn kó fi ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tó push ti ìta, torí ńṣe ni ti ìta kàn ń tọ́ka sí ti inú. Àṣìṣe Bọ̀dá Délé kan nínú ẹ̀ ń da orúkọ èrò pọ̀, mo rọra tún un ṣe láìsọ fún un... mo wá gbàgbé ti inú, mo push ti ìta nìkan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tẹnì kankan ò ṣiṣẹ́. Commit, ìyẹn àtúnṣe tuntun tí gbogbo wọn ń wá, orí láptọ́ọ̀pù mi ló wà!

Bọ̀dá Délé ti fi force push, ìyẹn fífi tipátipá push, pa iṣẹ́ rẹ́ rí, ni ọ̀gá wa bá ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ náà nìyí. Tí iṣẹ́ yẹn ò bá padà, kó má wá ní Mọ́ńdè. Ó ń búra, ó ń làágùn, kò tiẹ̀ fura sí mi, torí kò gbà pé mo gbọ́n tó láti fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Ìyẹn ló bí mi nínú jù! Lánàá ló wá ń pè mí ní àbúrò, pé kí n jọ̀ọ́ bá òun wò ó. Àbúrò! Ìgbà wo? Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, sà, ará Ìrólú ni mí.

Tí mo bá push ẹ̀ báyìí, orúkọ mi ló máa jáde lára ẹ̀, ọ̀gá á mọ̀ pé ńṣe ni mo ń wò wọ́n níran, èmi ni wọ́n á lé. Ṣé kí n dákẹ́ kó máa lọ ni? Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí jì í o, mi ò bi yín léèrè ìyẹn. Ó níyàwó, ó lọ́mọ, mo mọ̀... àánú ẹ̀ ò ṣe mí rárá, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tínú yín ò tíì le tó báyìí, kí ni kí n ṣe kí Mọ́ńdè tó dé?