Àga Tí Ẹnì Kankan Kò Gbọdọ̀ Jókòó Lé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta
Ebi pa mí rí. Mo sùn lórí lẹ́búlẹ́bú pákó nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó kọ́ mi ní káfíńtà, eku ń gba orí mi kọjá bí ẹni ń lọ sọ́jà. Iná jó ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo dá. Àgbàrá gbé pákó mi lọ. Ilé ìwé — kíláàsì mẹ́ta péré, ó parí. Síbẹ̀, ta ni kò tíì jókòó lórí àga mi nínú ìlú yìí? Ẹni tó ń bú mi gan-an, orí àga mi ló jókòó sí tó fi ń bú mi.

Gbogbo ìyà yẹn kò pa mí. Ooru ọdún yìí ló wá fẹ́ dán an wò. Ògiri ń làágùn. Òkín kò rí oorun sùn — ìyàwó mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó má ṣe jókòó sínú ooru lọ́sàn-án. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ní kí n mú ìyá òun lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, pé ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀. Mo ní kí ni mo fẹ́ lọ wò nílé ohun àtijọ́, ṣé dígí kò sí nílé ni?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
A lọ. Há! Otútù! Òkín mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú èémí yẹn kẹ́yìn.

Ìkòkò, aṣọ, fìtílà elépo. Òkín ń nàka: "Irú fìtílà yàrá wa àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ rántí? Ó máa ń kun ihò imú wa dúdú." Mo rántí. Yàrá kan, fèrèsé kan, ẹní kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó máa fi imú ara wa rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án." Kò sinmi. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Má-fọwọ́-kàn-án.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
A tún lọ. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà láàárín. A kò dìde títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
A tún lọ. Òkín kun àtíkè. Nítorí ìkòkò?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án
Ọ̀ràn dé.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ la lọ lónìí. Àga ló kún ibẹ̀. Mo rí ọ̀kan — apá rẹ̀ jọ ti àga tí mo kàn fún Òkín nígbà tó lóyún àkọ́bí, tí kò lè jókòó lórí ẹní mọ́. Àwọn ọmọ wa sọ tiwa yẹn di ẹṣin, wọ́n gùn ún títí ó fi ṣẹ́. Ọkàn mi dé ibẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í fi ojú wo àga. Ìdí la fi ń wò ó. Okùn pupa kan wà níwájú rẹ̀, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Mo gbẹ́sẹ̀ kọjá. Mo jókòó.

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ìgbà tí ilé ń jó. Má-fọwọ́-kàn-án sáré dé, ó ní: "Bàbá! Ẹ dìde! Ọba ló jókòó níbẹ̀ kẹ́yìn!"
Mo ní: "Kí kábíyèsí má bínú. Ó pẹ́ tí wọ́n ti dìde."
Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá lè máa wá, ṣùgbọ́n èmi, ó di ìgbà tí mo bá bẹ ọ̀gá àwọn. Èmi! Mo ní ẹni tó kàn àga fún gbogbo ìlú kì í bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìjókòó.

Òkín ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá
Ooru. Mo ní kí Òkín máa lọ. Ó ní rárá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá
Àbíkẹ́yìn fi tipátipá gbé e lọ. Mo lọ fọ́nnu fún télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, pé mo ti jókòó lórí àga ọba. Ó ní: "Mo gbọ́. Wọ́n sì fi ọ́ jọba síta." Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Òkín kò pẹ́ tó fi dé. Ó ní òun rí fìtílà mìíràn, òun yíjú láti fi hàn mí, ògiri lòun rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Òòyì kọ́ Òkín ní ìdáná. Ọpẹ́ ni pé Àbíkẹ́yìn wà nílé, ó gbá a mú. Dókítà bínú. Ó ní bí ooru yìí bá tún mú un, òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan.

Mo jágbe mọ́ Òkín: kí ló dé tó ń ṣagídí, nígbà tí ilé tútù wà níbẹ̀? Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní: "Àga lẹ ń kàn fún gbogbo ayé, ẹ kì í jókòó. Ìdúró lẹ fi ń jẹun. Ìdúró lẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ jókòó tì mí, ẹ ò sì ní ibì kankan tí ẹ ń lọ. Ṣé ẹ rò pé nítorí otútù ni mo ṣe ń lọ?"



Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo rán Àbíkẹ́yìn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, kó bi wọ́n ìgbà tí mo lè rí ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wọn rìnrìn àjò, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dé.

Ọjọ́rú yẹn, mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màá fá irùngbọ̀n. Màá ṣí fìlà fún ọ̀gá náà, màá sì ní "Ẹ jọ̀ọ́, mo jẹ̀bi." Bí ó bá ní kò tó, màá tún un sọ lójú Má-fọwọ́-kàn-án, kí òun náà gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, màá lọ jókòó ti Òkín. Òun ni yóò sọ ìgbà tí a ó dìde.