Àǹkárá Tí Odò Bá Mi Polówó

Màámi,

Ẹ ní òjò kọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ̀ wa ní Niamey ló wá. Odò Ọya kún wọlé, ó bo gbogbo àǹkárá tí mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sá wọn sára ọgbà mọ́ṣáláṣí. Àwọn oníbàárà tó ń pè é ní ayédèrú rí i pé àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí rárá, ni wọ́n bá rà á tán lọ́jọ́ kan.

Ẹ má ronú ilé. Yàrá ìkàwé tí wọ́n fún wa títí iléèwé yóò fi wọlé fẹ̀, ìdílé mẹ́rin péré la wà níbẹ̀. Sàfíyyà ọmọ mi kọ orúkọ yín sára pátákó, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́. Ó kí yín.

Tọ̀yìbátù yín