Bàbá Mi Da Epo Pupa Sínú Alùpùpù Oníbàárà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìtamágà, ní Ìkòròdú, ni mo ti ń tún alùpùpù ṣe.

Ọ̀gá kan gbé tirẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, èyí tó fi ń díje, tí wọ́n ń gùn kọjá nínú ẹrọ̀fọ̀ àti lórí gbòǹgbò igi láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Sátidé yìí ni ìdíje. Mo tún un ṣe tán, ó ń dún dáadáa.

Àṣé bàbá mi, àgbà alágbẹ̀dẹ, ti lọ da epo pupa sínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní irin kì í ròde láìtu Ògún lójú. Bí mo ṣe tan án, ó rú èéfín, ó sì gan. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, pàbó ló já sí.

Ọ̀gá ti ń fi ọlọ́pàá halẹ̀. Ṣé kí n wá fa bàbá tó bí mi lé wọn lọ́wọ́ ni?

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá náà ń gbọ́ yín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, torí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n tún ti gbé ìgò epo dání, wọ́n ní ti àkọ́kọ́ ni kò tó.