Àwọn Alágbàṣe Mi Náà Ti Ka Lẹ́tà Rẹ

Ilé Láwàl,
Ìlóra.

Fàòsíyà ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le bí? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí ebi pa wá ju bó ṣe ń pa aládùúgbò wa lọ. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, nítorí ó rí ọ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Fatihah àbúrò rẹ, ó ní ọrùn rẹ ti gùn. Èmi náà wò ó dáadáa, mo rí ìwọ àti ọ̀pọ̀ èèyàn níwájú géètì ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì yín n'Íbàdàn, ewé lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó dáhùn nínú wọn, mo gbà pé ariwo ibẹ̀ ló pọ̀.

Fatihah wá ka lẹ́tà tí o kọ sábẹ́ fọ́tò náà fún mi, pé owó oṣù yín kò ra àpò ìrẹsì kan mọ́, pé ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá yín kò dáhùn, lẹ bá da iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé ìwọ gan-an ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Inú mi dùn, n kò lè pa á mọ́ra. Mo gba fóònù náà, ó di oko, mo ní kí Ezekiel, olórí àwọn alágbàṣe tó ń bá mi hú ẹ̀gẹ́, kà á sókè fún àwọn mẹ́sàn-án yòókù kí wọ́n lè mọ irú ọmọ tí mo bí. Ó kà á. Wọ́n ní kó tún un kà. Mo rò pé ó dùn mọ́ wọn ni.

Lọ́jọ́ kejì Ezekiel mú ìwé kan wá fún mi. Mo rí òǹtẹ̀ nídìí rẹ̀, mo rò pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pè mí ní Jobele, mo kọ́kọ́ lọ wọ agbádá kí n tó jókòó gbọ́ ọ. Àṣé òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Ezekiel ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni, wọ́n kàn yọ bísíkíìtì kúrò, wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sí i. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí mo ń san lóòjọ́ kò tó se ọbẹ̀ mọ́, kí n sọ ọ́ di márùn-ún. Mo ní láéláé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́nu ọ̀nà oko, wọ́n já ewé ẹ̀gẹ́ dání. Ewé ẹ̀gẹ́ tèmi!

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àtàláátà ni ọkọ̀ àwọn oní-gàrí ń bọ̀ wá kó ẹ̀gẹ́ náà, bí wọn kò bá sì bá a nílẹ̀, oko àwọn ará Imini ni wọ́n ń gbà lọ, ẹ̀gẹ́ ọdún kan gbáko yóò di igi mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bá rántí pé mo ní àna. Mo ní kí Fatihah pe Fàwáz, àfẹ́sọ́nà rẹ, pé mo bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé kò ṣe nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí. N kò tiẹ̀ bi ara mi léèrè ohun tó fà á. Ó wá lóòótọ́, òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́sàn-án, tọkọ́ tàdá. Ìyá rẹ ti pa àgbébọ̀ mẹ́rin, ó ti gún iyán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí ewé lọ́wọ́ àwọn Ezekiel, wọ́n dúró gbagidi. Fàwáz dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, ó ní kí n má bínú, pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni òun àti ìwọ ti jọ da iṣẹ́ sílẹ̀, pé ohun tí àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe sí àwọn n'Íbàdàn, àwọn kò lè wá ṣe é n'Ìlóra. Ló bá lọ jókòó tì wọ́n. Iyán ọ̀wẹ̀ sì ti délẹ̀, ogún èèyàn jẹ ẹ́ tán, ẹnì kankan kò hú ẹ̀gẹ́ kan. Èmi nìkan ni mo wọ oko. Mo hú mọ́kànlá, ẹ̀yìn mi há.

Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni Ezekiel ti wá kí mi. Ó rọra bi mí pé, kí epo bẹntiróò tó wọ́n, èló ni mo ń ta ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ kan, èló ni mo sì ń tà á báyìí. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Fàòsíyà, ìlọ́po mẹ́ta ni, owó àtijọ́ ni mo sì ń san fún wọn. Ojú tì mí. Láàárọ̀ Àtìní mo fọwọ́ sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ akọrin lé e, Fàwáz àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà bọ́ sóko, nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́ ẹ̀gẹ́ ti wà létí títì.

Nítorí náà, gba ìmọ̀ràn ẹni tó ti jẹ ọ̀gá rí. Ọ̀gá yín yóò pariwo, yóò ní láéláé, yóò máa wá àna káàkiri. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n bá ti fi kún tìrẹ, jọ̀wọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi kún tiwọn, kí o sì gba owó àgbébọ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ Fàwáz fún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n má fi í sínú fóònù Fatihah o, gíláàsì ojú rẹ̀ là nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ mi lóko, n kò fẹ́ kí owó gba ibẹ̀ jò dànù.

Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí i. Wọn kò ní torí òótọ́ lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Yóò rẹ ọ̀gá yín kó tó rẹ̀ yín. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láwàl,
ọ̀gá tó ti rẹ̀.