Àbájáde Àyẹ̀wò Tí A Dúpẹ́ Lé Lórí

Hope, àbúrò mi, ó pé ọdún mẹ́rin lónìí tí o fi mí sílẹ̀. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà ìrántí yìí dáadáa bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ ọ́. Ọwọ́ mi ò yá, fara dà á fún mi.

Ṣeunfúnmi ọmọ rẹ ti di tíṣà. Gowon Estate ló ń gbé báyìí. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ ní Igando kò tíì kú. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé náà ni mo ṣì ń rán ṣá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́là tèmi kì í jókòó bíi tìrẹ, àwọn oníbàárà ò sì yé sọ ọ́ sí mi létí.

Èmi nìkan ló kù nínú yàrá tí a jọ ń gbé. Hope, yàrá yìí ti fẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò kọ́kọ́ rí ẹni sọ fún. Ó ti tó oṣù kan tí ìtọ̀ ti ń ta mí bí ata tí mo bá ń tọ̀. Ta ni kí n sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ fún? Àwọn ará ilé tí a jọ ń lo tọ́lẹ́ẹ̀tì kan? Wọ́n á ní níbo ni opó ti kó o. Ìwọ ni ǹ bá sọ ọ́ fún. Ìwọ náà, nígbà tí irú rẹ̀ ń ṣe ọ́, èmi nìkan lo sọ fún.

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé kòkòrò ara lásán ni, irú tó ń gbé lórí awọ, láti ara ló ti bọ́ sínú ìgò tí mo tọ̀ sí. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ gan-an nìyẹn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jó délé lọ́jọ́ tìrẹ. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù jàre, ẹ jẹ́ ká lọ dúpẹ́." A sì dúpẹ́, gbogbo ìjọ ń kí wa. Ìrora ò lọ. Ṣùgbọ́n a ti jẹ́rìí. Tí a bá tún padà sílé àyẹ̀wò, ó dà bí ẹni pé a parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tí a fi gbé ọ dé ọsibítù, àìsàn náà ti dé kíndìnrín, ó ti wọ ẹ̀jẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dúpẹ́. Ojú tì mí títí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún Ṣeunfúnmi. Ó ní, "Mọ́mì Àgbà, ṣé torí èyí lẹ ṣe ń dá sunkún? Ẹ wọ bàtà." Ó mú mi lọ bá dókítà obìnrin kan. Ìyẹn ní lóòótọ́, kòkòrò ara sábà máa ń ṣèèṣì wọ inú ìgò, ṣùgbọ́n tí ìrora bá wà, kì í ṣe ohun à ń fojú fò. Ó ní kí n wẹ̀ mọ́, kí n jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù kí n tó gbé ìgò sí i. Kòkòrò kan náà ló tún jáde, òun nìkan, ó sì pọ̀; dókítà ní èyí fi hàn pé kì í ṣe èèṣì, òun ló ń fa ìrora náà. Ó fún mi lóògùn.

Mo bi í bóyá kòkòrò yìí náà ló pa ọ́. Ó ní òun ò lè mọ̀, pé kò sẹ́ni tó tún tìrẹ yẹ̀ wò.

Hope, ara mi ti ń yá. Ẹni tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ni kò sí nílé. Àárò rẹ ò dín rárá. Mo fẹ́ràn rẹ síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Mary.